Òkúta Tí A Gbàgbé Sójú Ọ̀nà Kambolé

Ìgbà tí mò ń sọ yìí kò tíì pẹ́ títí. Àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kambolé nígbà náà ló ń fi alùpùpù gbé èrò káàkiri báyìí, tí wọ́n ń pe ara wọn ní onízémi, tí wọ́n sì ń pè mí ní tonton, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá, nígbà tí wọ́n bá wá ra wáyà bíréèkì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kouloundè, ní Sokodé níbí, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Bí wọ́n bá ti ń wọlé ni mo ti ń wo apá wọn. Akoto ń bẹ níbẹ̀, wọ́n fi kọ́ ìgúnpá bí obìnrin ṣe ń fi báàgì kọ́ apá. Bí mo bá bi wọ́n pé ṣé ìgúnpá ni wọ́n fẹ́ fi balẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣubú, wọn á rẹ́rìn-ín.

"Tonton, jandámù kò sí lójú ọ̀nà lónìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Èmi Ìsìfú, tí mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onízémi ní Kambolé rí, mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ bí a ṣe yan iṣẹ́ lódì nítorí òkúta kan, ohun tí a rí gbà níbẹ̀, àti ohun tí a ò tíì rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí a jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni mímọ́ ni wá. Òfin ìrìnnà kò ṣàjèèjì sí wa. A mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni a máa ń wá kiri kí a tó tẹ̀lé e. Tí a bá ń bọ̀ láti Sokodé, tí a bá rí ibùdó jandámù, àwọn agbófinró ojú ọ̀nà, lókèèrè, akoto, tí a tún ń pè ní kásìkì, á gorí. Tí a bá kọjá, tí a yí kọ́nà, akoto á padà sórí ọwọ́ alùpùpù. "Fìlà jandámù" la máa ń pè é láàárín ara wa, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. A máa ń gbé ìyá kan, ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn láàárín, àti ewúrẹ́ lórí táńkì epo, tí ewúrẹ́ náà á sì tún máa wo ọ̀nà ju ẹni tó ń wa alùpùpù lọ. Nígbà tí iṣu bá jáde, a máa ń di iṣu sẹ́yìn débi pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ bóyá èèyàn ló ń gun alùpùpù yẹn tàbí iṣu ló ń dá rìn lọ sọ́jà. Iná ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ tìyẹn.

Àwọn awakọ̀ akẹ́rù náà ní tiwọn. Wọ́n á di àgbàdo dé ojú ọ̀run, wọ́n á tún gbé èèyàn jókòó sórí rẹ̀. Wọ́n á sáré kọjá rẹ lórí òkè níbi tí wọn kò ti rí ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn wá jù lọ ni ti òkúta. Òfin sọ pé tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, kí awakọ̀ gbé àmì onígun mẹ́ta pupa kalẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i lókèèrè. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ka igi tútù ni wọ́n máa ń já sójú ọ̀nà, ọmọ ọkọ̀ á sì wá òkúta ńlá ńlá, á fi há ẹsẹ̀ táyà kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn. Títí dé ibẹ̀, kò burú. Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹ̀ka igi ń sọ. Ibi tó ti bàjẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe tán. Ẹ́ńjìnnì á dún, ọmọ ọkọ̀ á fò mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á sì lọ. Ewé á gbẹ, atẹ́gùn á gbé ẹ̀ka igi lọ, òkúta nìkan ni yóò ṣẹ́ kù sáàárín ọ̀nà.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni Lásísì bá pàdé. Ọmọ Kambolé ni, ọkùnrin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Àgbẹ̀ ni ní àsìkò òjò, onízémi ni ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú gbogbo wa, òun ló mọ àwàdà ṣe jù. Bí ó bá ń kọjá níbùdó jandámù, á fọwọ́ kan akoto rẹ̀, á kí wọn tariwotariwo, "Bonjour, chef!", á sì ti bọ́ ọ kó tó dé ìdí igi kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé èrò dé Tchamba, òun nìkan ló ń padà bọ̀. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn Koussountou ni ó ti gun òkúta.

Àgbẹ̀ kan tó mọ̀ mí ló pè mí lórí fóònù. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Mo rí òkúta náà, dúdú táyà ọkọ̀ ńlá ṣì wà lára rẹ̀. Mo rí alùpùpù nínú koríko. Akoto rẹ̀ wà lórí ọwọ́ alùpùpù, ó so ó mọ́ ọn dáadáa. Kò bó níbì kankan. Mo ti rí nǹkan púpọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n akoto tí kò bó yẹn ni mo máa ń rí tí mo bá di ojú. Mo bínú sí òkúta, mo bínú sí Lásísì, mo sì sunkún bí ọmọdé.

A sin ín ní Kambolé lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe pa á láṣẹ. Àwọn jandámù tó wá wo ibi ìjàǹbá náà sọ tiwọn ní gbólóhùn kan: kò dé akoto, ìdí nìyẹn tó fi kú. Wọn kò dárúkọ òkúta rárá. Ọ̀rọ̀ náà dé Kambolé, ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gùn bí wọ́n ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Kí oṣù tó yí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Lásísì ló pa ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dé láti ilé kéwú, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé Bàbá kò ní rí àlùjánnà?"

Ràmátù ni orúkọ ìyá ọmọ náà. Ó wà nínú opó nígbà náà, kì í jáde. Ó ránṣẹ́ pè mí, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. Bí ìbínú ṣe pọ̀ nínú ohùn rẹ̀ tó, kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n Ìsìfú, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ yan iṣẹ́ lódì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ dákun, ẹ dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n jáde opó. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n dárúkọ òkúta yẹn. Kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ níbi tí èèyàn wà, kí àwọn ọmọ mi lè gbọ́ ọ."

Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ alága wa, Alhaji Múmúní. Ọkùnrin gíga, olóhùn ńlá, tó ti ń gun alùpùpù kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ṣáná sí i. Alhaji fẹ́ràn ẹgbẹ́ dénú. Ó ti dúró fún wa níwájú ọ̀pọ̀ ọ̀gá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí kó má bọ̀wọ̀ fún un. Inú rẹ̀ kò dùn pé ká dúró, ó ní irin gbígbóná la fi ń rọ nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé opó ló bẹ̀ wá, ó gbà. Bí a ṣe dúró nìyẹn títí obìnrin náà fi wẹ̀, tó pààrọ̀ aṣọ, tó sì jáde.

Ìpàdé tí a ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ní ibùdókọ̀ Kambolé ṣáájú ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dojú rú. Alhaji wò mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ìsìfú, ìwọ lo dé ibẹ̀. Níbo ni kásìkì rẹ̀ wà?"

"Orí ọwọ́ alùpùpù ni, Alhaji."

Alhaji mi orí.

"Ó ti tó. Bí wọ́n bá bi wá, orí rẹ̀ ló wà."

"Alhaji, kò sí lórí rẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tí a bá fi ẹnu wa sọ pé kò dé kásìkì, a ti pa ẹjọ́ ara wa nìyẹn. Àwọn akẹ́rù á rẹ́rìn-ín wa lọ sílé. Ṣé ohun tí ìwọ fẹ́ nìyẹn?"

"Bí èké bá já, ta ni yóò tún gbọ́ ti òkúta lẹ́nu wa?"

"Ìwé ti pọ̀ lójú rẹ jù," ni ó sọ, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé èmi kò ní parọ́, ẹni tó bá máa pa á kó pa á. Wọ́n pariwo lé mi lórí. Ẹnìkan ní akọ̀wé ti gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn akẹ́rù. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo lọ sílé. Ẹ má rò pé ìjà tó wà nínú ẹgbẹ́ máa ń kéré sí èyí tó wà níta. Ó sábà máa ń dunni jù ú lọ.

Ọjọ́ ọjà Kambolé la yàn. Láti àárọ̀, kò sí onízémi kankan tó gbé èrò, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbé ẹrù. Àwọn obìnrin ru iṣu lórí láti abúlé wá sọ́jà, àwọn míì sì ń ṣépè fún wa bí wọ́n ti ń lọ. Gbogbo wa kóra jọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn Koussountou, níbi tí Lásísì kú sí, a sì to òkúta dí ọ̀nà láti etí kan dé èkejì. Òkúta la lò nítorí òkúta ló bí ìjà náà. Lójú wa, a ti ṣe ohun ọlọ́gbọ́n. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dúró níhà méjèèjì. Ràmátù wá pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi èmì kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì gbé akoto ọkọ rẹ̀ lé orí itan.

Nínú àwọn tí ọ̀nà dí mọ́ ni ìyá aláta kan wà, ọmọ àwọn oníṣòwò Nàìjíríà tó ti pẹ́ ní Sokodé. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀ wà nínú oòrùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ó sán ìró rẹ̀ le.

"Ẹ̀yin onízémi! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá kọ́ ayé lófin? Níjelòó, ta ló gbé èmi, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, àti ọmọ àbúrò mi lórí alùpùpù kan ṣoṣo?"

Ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀yìn, "Èmi ni, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ sì ní n kò gbọdọ̀ fi apẹ̀rẹ̀ kankan sílẹ̀."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo bojú wo Ràmátù, mo rí i tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Tọrùn wa lọ́jọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dára.

Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ọ̀gá ìjọba kan tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà wà lábẹ́ rẹ̀ dé láti Sokodé. Ó mú Ìsákà, olórí àwọn awakọ̀ akẹ́rù, dání. Ọmọ Sokodé ni Ìsákà, ọkùnrin kúkúrú tí kì í gbé ohùn sókè. Gbogbo wa jókòó lábẹ́ igi èmì yẹn. Faransé ni ọ̀gá náà ń sọ, Tem, èdè àwọn ará Sokodé, ni Ìsákà ń sọ, a sì ń túmọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Alhaji sọ̀rọ̀ wa, ó sọ ọ́ dáadáa: òkúta, ẹ̀ka igi, ọkọ̀ tí kò ní iná, ọkùnrin kan tó kú tí ẹnikẹ́ni kò jíyìn rẹ̀. Orí mi wú. Bí ó ti parí ni Ìsákà fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ béèrè pé:

"Alhaji, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Níbo ni kásìkì ọkùnrin náà wà?"

"Orí rẹ̀ ló wà," ni Alhaji sọ.

"Wallahi?"

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Mi ò ní kó o ṣe ohun tó le," ni Ìsákà tún sọ. "O ti dé Mẹ́kà, o ti rí Káábà. Fi orúkọ Ọlọ́run búra fún mi pé orí rẹ̀ ló wà, èmi yóò dìde, n óò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín níbí."

Alhaji ya ẹnu, ó pa á dé. Mo rí i pé ó ń wá ọ̀nà, inú mi ò sì dùn láti rí ọkùnrin ńlá bẹ́ẹ̀ nínú irú ipò yẹn. Ọ̀gá ìjọba yíjú sí mi. Kí n tó la ẹnu, Ràmátù ti dìde pẹ̀lú akoto lọ́wọ́.

"Ẹ má jẹ́ kí Alhaji búra nítorí tèmi," ni ó wí. "Kò dé e. Akoto náà rèé, ẹ gbà á, ẹ wò ó, ojú kan kò bó lára rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dé e. Á ní, 'Ràmátù, jandámù nìkan ló ń béèrè orí mi, ìwọ náà tún fẹ́ di jandámù?' Á rẹ́rìn-ín, á lọ. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn. Mo gbà á, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó forí jì í."

Ariwo sọ láàárín àwọn tiwa. Mo gbọ́ ẹnìkan tó ní, "Ó ti tà wá." Ràmátù kò wo ẹ̀yìn. Ìsákà ló ń wò.

"Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Tí a bá ń ro oko, ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti máa ń dáná fún àwọn alágbàṣe. Òkúta mẹ́ta ni mo máa ń tò gbé ìkòkò kà. Tí wọ́n bá jẹun tán, kí n tó gbé igbá mi, n óò kó òkúta wọ̀nyẹn kúrò lọ́nà. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tirẹ̀ ló kọ́ òun náà. Kò sí jandámù nínú oko. Bí mo bá fi sílẹ̀ tí ẹnìkan fẹsẹ̀ kọ, ilé mi ni wọ́n á wá, wọ́n á bi mí pé ta ni mo fẹ́ pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òkúta gbé ọkọ̀ ró, ṣé kò sí obìnrin nílé yín tó ń dáná ni?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún ọ̀gá, ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ sí Tem. Ìsákà gba akoto lọ́wọ́ Ràmátù, ó yí i padà, ó wo inú rẹ̀ pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́ fún ọ̀gá, Ràmátù ló sọ ọ́ fún.

"Òkúta wa ni. Ọmọ ọkọ̀ tó gbé e síbẹ̀ sọ fún mi nígbà tó gbọ́ pé ẹnìkan kú. Mo ní kó dákẹ́. Òkúta wa ni, ìyá. Ọlọ́run kó dárí jì wá."

Yorùbá ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Lójú tèmi, òwe náà dára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn Ràmátù bá akátá àti adìyẹ wí lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì gbọ́. Ọ̀gá ìjọba sọ tirẹ̀ lójú gbogbo wa. Wọn yóò tún ọ̀rọ̀ ikú náà sọ, wọn yóò fi òkúta sí i. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò bá ní onígun mẹ́ta pupa kò ní kọjá níbùdó, awakọ̀ tó bá sì fi òkúta sílẹ̀ lójú ọ̀nà yóò jẹ́jọ́. Àwa onízémi náà, kí akoto wà lórí wa láti ibi tí a ti gbéra títí dé ibi tí a ń lọ, kí a má sì gbé ju èrò kan lọ mọ́. Alhaji fa ojú ro sí ti ìkẹyìn yìí, ṣùgbọ́n ó bọ ọ̀gá lọ́wọ́. Ìyá ọkọ Ràmátù ń ké "Alihamudulilai" lórí ẹní. Òkúta ti ní orúkọ.

Inú wa wá dùn débi tí orí wa yí. Ẹnìkan ṣáná sí alùpùpù rẹ̀, gbogbo wa sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí a bá lọ pàdé ìyàwó tàbí Alhaji tó ti Mẹ́kà dé ni àwọn ọmọ wa ṣe: fèrè ń dún, ẹni mẹ́ta lórí alùpùpù kan, ẹlòmíràn dúró lórí ìjókòó, wọ́n ń fi akoto yí afẹ́fẹ́. Mo ní wọ́n ń fi akoto yí afẹ́fẹ́! Òfin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kò tíì tutù lẹ́nu ọ̀gá. Wọ́n gba àárín òkúta tí a tò, níbi tí wọ́n ti sún díẹ̀ sápá kan, wọ́n kọrí sí Kambolé pẹ̀lú eruku lẹ́yìn wọn. Èmi náà ti gbé ẹsẹ̀ lé alùpùpù.

Ohun tó dá mi dúró ni Ràmátù. Ó ti ká ìró rẹ̀ mọ́ ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó gbé òkúta kan, ó gbé e lọ sínú koríko, ó sì padà wá gbé òmíràn. Òkúta tí àwa onízémi kó síbẹ̀ ni, lórí òkè kan náà, níbi tí ọkọ rẹ̀ kú sí. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí alùpùpù. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìsákà ti ká ọwọ́ bùbá ńlá rẹ̀ sókè, ó ti ń yí èyí tó tóbi jù lọ kúrò. Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí wa, wọ́n sì padà wá. Ìyá aláta náà gbé méjì, ó ní tòmátì òun ti bàjẹ́ tán, kò sí ohun tí òun ń sáré lọ ṣe mọ́.

Kí la wá rí gbà? Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́mọ́mù Kambolé sọ nínú wáàsí pé òkúta ló gbé Lásísì ṣubú, pé ẹni tó bá tún ní ó pa ara rẹ̀ ń purọ́ mọ́ òkú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́. Lójú mi, èyí nìkan tó èrè fún gbogbo wàhálà náà. Fún ìgbà díẹ̀, a rí onígun mẹ́ta pupa lójú ọ̀nà wa, àwọn ọmọ ọkọ̀ sì ń yí òkúta kúrò. Fún ìgbà díẹ̀ bákan náà, akoto wà lórí wa.

A pàdánù nǹkan pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan gbà títí di òní pé opó náà ba ìjà wa jẹ́, pé tí kò bá sọ̀rọ̀, a ì bá gba ti akẹ́rù láìsan tiwa. Alhaji Múmúní kò bá mi jẹun mọ́ kó tó kú. Mo lọ kí i nígbà àìsàn rẹ̀, ó gbà mí lálejò, ó bi mí nípa ilé, kò dárúkọ ọjọ́ náà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Mo kúrò lórí alùpùpù láìpẹ́ sí ìgbà náà, mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tí a ò tíì rí wà níwájú yín lójoojúmọ́. Òkúta ti padà sójú ọ̀nà Goubi, ó ti padà sí ti Kambolé. Akoto ti padà sí ìgúnpá. Bí ẹ bá ń dúró kí jandámù wá pa òfin yìí mọ́ fún yín, ẹ ó dúró pẹ́, nítorí ọ̀nà gùn ju jandámù lọ. Àwa tí a jà nígbà náà, òfin ọlọ́pàá la rò pé a ń jà fún. Ràmátù nìkan ló mọ̀ pé òfin ààrò ni, èyí tí ìyá máa ń kọ́ ọmọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mò ń lọ sí ìsọmọlórúkọ kan ní Kambolé. Níwájú mi, onízémi kan gbé ìyá kan. Ìyá náà dé akoto lé orí ìbòrí rẹ̀, akoto àtijọ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, mo sì mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ẹni tó dé e. Akoto ọ̀dọ́kùnrin tó ń wà á wà ní ìgúnpá. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn Koussountou, Ràmátù gbá a léjìká pé kó dúró. Òkúta kan wà láàárín ọ̀nà. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, ó yí i sínú koríko, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó padà wá, ṣùgbọ́n kò gun alùpùpù.

"Dé tìrẹ ná," ni ó sọ fún un.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ọ̀nà síwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, jandámù kò sí níbí."

"Ọkọ mi wà níbí," ni Ràmátù sọ.